Ìpín Ilé Nínú Àwọ̀n Ọmọ Ìdálẹ̀

Ní etí òkun Ìlàjẹ, nígbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ tí a sì da ẹja sílẹ̀ sórí iyanrìn, ìṣirò tí ó máa ń tẹ̀lé e kì í ṣe ìṣirò owó lásán. Ìṣirò ẹ̀tọ́ ni. Ohun tí a ná sórí epo ẹ̀rọ àti oúnjẹ àwọn tí ó lọ sókun ni a kọ́kọ́ ń yọ kúrò. Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ yóò gba ìpín tirẹ̀, tí àwọ̀n yóò gba tirẹ̀, tí ẹ̀rọ tí ó ń ti ọkọ̀ yóò sì gba tirẹ̀, kí ó tó wá kan àwọn ènìyàn tí wọ́n fi apá wọn fa àwọ̀n. Bí ìpín kọ̀ọ̀kan ti tó yàtọ̀ láti èbúté kan sí èkejì, ó tilẹ̀ lè yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ baba ọlọ́kọ̀ kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹja kì í wọ inú agbọ̀n tán kí a má rántí àwọn tí kò lọ sókun rárá. Arúgbó tí ó ti fi àjẹ̀ sílẹ̀ wà níbẹ̀, opó wà níbẹ̀, ọmọdé tí ó sì wá bá wọn fa okùn ọkọ̀ gòkè kò ní í lọ lọ́wọ́ òfo.

Àlejò tí ó bá dúró wò ó lè pe èyí ní ìtọrẹ àánú. Apẹja kò ní í pè é bẹ́ẹ̀. Arúgbó yẹn ni ó kọ́ baba ọlọ́kọ̀ ní bí a ti ń mọ ìgbì tí ó ṣeé là kọjá yàtọ̀ sí èyí tí ń dojú ọkọ̀ dé; ọkọ opó yẹn wà nínú àwọn tí ó gbẹ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ìdílé náà ní; ọmọdé yẹn ni yóò wa ọkọ̀ lọ́la. Ohun tí wọ́n gbà kì í ṣe ọrẹ. Ìpín wọn ni.

Òye yìí ni ó yẹ kí a fi wo ọ̀ràn ọmọ apẹja tí ó fi etí òkun sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ìdálẹ̀, tí ó sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé láti oṣù dé oṣù. Àwọn tí kò mọ ìdí abájọ máa ń sọ pé àwọn ará ilé ń jẹ ọmọ náà run. Àwọn mìíràn a sì máa yìn ín bí ẹni tí inú rere rẹ̀ pọ̀ jọjọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bá àṣà mu. Ọkọ̀ tí ó gbé e lọ ni ó jìn. Ìpín ilé kò tìtorí rẹ̀ parẹ́.

Ifákọ̀ àti Ọ̀nà Omi

Ifákọ̀ tí à ń sọ yìí kì í ṣe Ifákọ̀ ti Ìjàyè, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì mọ́ ọn. Èyí tí ó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú Gbàgádà àti Ṣólúyì ni, ní àgbègbè Kòsọ́fẹ́ kan náà tí Kétu, Ìkòsì àti Máìlì 12 wà. Ẹni tí ó bá ń lọ sí ọjà Máìlì 12 láti ra ata àti tòmátò tí wọ́n kó ti Òkè Ọya wá lè má rántí pé omi sún mọ́ ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n odò Ògùn ń ṣàn kọjá nítòsí Máìlì 12 lọ sínú ọ̀sà, Ifákọ̀ fúnra rẹ̀ kò sì jìnnà sí Òwòrònṣòkí, níbi tí afárá gígùn tí a parí ní 1990, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Third Mainland, ti gbéra gba orí ọ̀sà kọjá lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹni tí ó bá wo ẹ̀gbẹ́ afárá náà ní àárọ̀ yóò rí èéfín ẹja yíyan tí ó ń rú láti Mákòkò, níbi tí àwọn Ègùn àti àwọn Ìlàjẹ ti kọ́ ilé sórí òpó láti ayébáyé. Ní etí ọ̀sà lọ́hùn-ún ní Bàrígà, àdúgbò kan wà tí kò ní orúkọ mìíràn ju Ìlàjẹ lọ.

Nípa báyìí, ọmọ Ìlàjẹ tí ó bá dé Èkó kì í ṣe àjèjì pátápátá. Ó lè má tún fọwọ́ kan àwọ̀n mọ́. Ó lè jẹ́ awakọ̀, káfíńtà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́, tàbí ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ó lè gba yàrá ní Ifákọ̀ nítorí pé ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Gbàgádà. Síbẹ̀ omi tí ó ń wò láti orí afárá, omi kan náà ni pẹ̀lú èyí tí ó wà lẹ́yìn ilé baba rẹ̀; bí ó bá ní ọkọ̀ àti ọjọ́ mélòó kan lọ́wọ́, ó lè gba ojú omi délé.

Fún ará etí òkun Oǹdó, Èkó ni ìdálẹ̀ àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe ìgbẹ̀yìn. Láti ibẹ̀ ni àwọn mìíràn ti ń gba òkè òkun lọ, sí Ìlú Ọba, sí Ítálì, sí Amẹ́ríkà. Owó tí àwọn wọ̀nyí bá ń fi ránṣẹ́ sílé, Èkó ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bà sí, nítorí pé ẹ̀gbọ́n kan tàbí àbúrò kan wà níbẹ̀ tí ó ní ìwé báǹkì, tí ó sì mọ ẹni tí ń lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀.

Apẹja Kò Mọ Ààlà

Kí a má rò pé ọmọ ìsinsìnyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókèèrè. Ẹja ní àkókò, kò sì mọ ààlà orílẹ̀-èdè. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀ lé e yóò sùn níbi tí ó bá sùn. Àwọn Ìlàjẹ ti gba etí òkun yìí lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn títí dé Bàdágìrì àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀; wọ́n ti lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, gba ẹnu àwọn odò Ìjọ̀ kọjá dé Bakassi àti Kamẹrúùnù. Wọ́n a pa àgọ́ sétí omi, àwọn obìnrin a kọ́ ibi ìyanja, wọn a sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ àgbáyé dá ẹjọ́ Bakassi ní 2002 pé ti Kamẹrúùnù ni, tí Nàìjíríà sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ tán ní oṣù kẹjọ 2008, àwọn apẹja tí wọ́n ti ń pe ibẹ̀ ní ibùgbé jí lọ́jọ́ kan, wọ́n rí i pé àwọn ti di ará òkè òkun láìkúrò lójú kan. Àwọn kan dúró. Àwọn mìíràn kó ẹrù wọn sọ́kọ̀. Àwọn tí ó sì padà wálé wálé bá àwọn ẹbí tí ó ti ń retí owó wọn, kì í ṣe àwọn fúnra wọn.

Àwọn ẹlòmíràn náà wá sọ́dọ̀ wa lọ́nà kan náà. Àwọn Ewe ará Anlo, láti ìhà Keta ní orílẹ̀-èdè Gánà, ti ń gbé àwọ̀n ńlá tí à ń fà láti etí iyanrìn wá sí etí òkun Bàdágìrì àti ibòmíràn láti ìgbà pípẹ́. Ètò tiwọn le ju ti Ìlàjẹ lọ: olówó àwọ̀n a kó àwọn ọkùnrin jọ, wọn a bá a ṣiṣẹ́ títí àdéhùn yóò fi pé, lẹ́yìn rẹ̀ ni a óò tó ṣírò ohun tí ó wọlé tí a óò sì pín in. Àǹfààní kan wà nínú rẹ̀, nítorí pé owó tí a kò fi lé ènìyàn lọ́wọ́ ní ìdálẹ̀ kò lè bá ọtí àti ayò lọ. Ewu rẹ̀ náà kò kéré. Ní oṣù kìn-ín-ní 1983, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ará Gánà ni ó di ẹrù wọn. Ta ni yóò dúró ṣe ìṣirò àwọ̀n ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Àwọn Yorùbá tí wọ́n lé kúrò ní Gánà ní ìparí 1969, tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù àti gbèsè ọjà sílẹ̀ sẹ́yìn, kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé ìyẹn fún wọn.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìhalẹ̀. Ohun tí ojú àwọn tí a lé wálé rí ni ó kọ́ wọn. Ẹni tí ìpín rẹ̀ ti ń délé déédéé ni ó ní ibi tí yóò gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀.

Ìwé Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ní àárín ìgboro Èkó, ohun tí ó rọ́pò etí iyanrìn ni ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ó máa ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lọ́pọ̀ ìgbà ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, nínú yàrá ìgbàlejò ọ̀kan nínú wọn tàbí nínú kíláàsì ilé-ìwé tí wọ́n bẹ̀ fún. Alága yóò jókòó, akọ̀wé yóò ṣí ìwé, akápò yóò gbé àpò rẹ̀ sórí ẹsẹ̀. Ẹni tí ó pẹ́ dé yóò san owó ìtanràn. A óò dá owó oṣù, a óò dá owó òkú bí òkú bá ṣẹ̀, lẹ́yìn náà ni a óò ka ohun tí ilé sọ.

Ohun tí ilé sọ kì í kúrú. Òrùlé ilé-ìwé ti jò. Afárá pákó tí ó so ilé pọ̀ mọ́ ilé ti jẹrà, ọmọdé kan sì ti ṣubú sómi. Ilé ìwòsàn kò ní nọ́ọ̀sì mọ́. Ọ̀gbẹ́ni kan yóò dìde ní ẹ̀yìn yàrá, yóò ní ìjọba ni ó yẹ kí ó ṣe gbogbo èyí. Òótọ́ ni ó sọ, gbogbo wọn ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn yóò sì dá owó náà. Kì í ṣe pé wọn kò mọ ojúṣe ìjọba. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí yóò gba orí afárá yẹn lọ sílé-ìwé lọ́la kò lè dúró de ìjọba.

Ẹni tí ó bá ka irú ìwé akọ̀wé bẹ́ẹ̀ yóò rí ìtàn ìlú níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, owó ilé ọlá ni ó pọ̀ jù: gbọ̀ngàn ìlú, fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, ayẹyẹ oyè. Lẹ́yìn náà ni owó ilé-ẹ̀kọ́ gba ipò iwájú. Ní ìgbà tí ó sún mọ́ òde òní, ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú ìwé tẹ́lẹ̀ ti wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ni "kíkó": owó láti kó ilé kúrò lójú omi, láti kó pákó, láti kó arúgbó. A óò padà síbẹ̀.

Ta Ni Ó Ni Ẹ̀rọ?

Yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́, ti ẹbí wà lọ́tọ̀, òun ni ó sì ń fa ìjà jù. Kí a fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba. Bàbá rẹ̀ ti darúgbó, àbúrò rẹ̀ ni ó ń lọ sókun. Ẹ̀rọ ọkọ̀ bà jẹ́, ọmọ náà sì fi owó ránṣẹ́ láti ra tuntun. Oṣù mẹ́ta kò ì tíì pé tí fóònù fi dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú làálàá o. Màámi ní kí n kí yín. Àwọ̀n ti ya, sà."

"Ṣé èyí tí ẹ ní ó ya lóṣù tó kọjá náà ni?"

"Rárá o, sà. Ìyẹn ti lọ. Èyí tí ẹ fi owó rà ni ìgbì gbé lọ."

Ẹ̀gbọ́n yóò fi fóònù sílẹ̀, yóò sì máa ro ó wò bóyá ìgbì ni tàbí àbúrò. Nígbà mìíràn, àbúrò ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ti dé ojú agbami rí kò mọ bí àwọ̀n ti ń lọ kíákíá tó, bí ọkọ̀ ńlá tí ń fi ẹ̀rọ wọ́ ẹja bá gba orí rẹ̀ kọjá lóru tàbí bí ó bá há mọ́ irin àwọn tí ń wa epo rọ̀bì.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, nígbà tí a bá ń pín ẹja, tí ẹ̀rọ gba ìpín tirẹ̀, ta ni ó ni ìpín ẹ̀rọ yẹn? Àṣà dáhùn láìfi bọpo bọyọ̀: ẹni tí ó ra ẹ̀rọ ni. Bí bàbá ọlọ́rọ̀ kan ní abúlé bá ra ẹ̀rọ fún àwọn atukọ̀, kò sẹ́ni tí yóò bá a jiyàn lórí ìpín rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ìyá ẹni ni ó rà á láti òkè òkun, gbogbo ẹnu yóò yí padà, ẹ̀rọ yóò di ọrẹ. Àbúrò yóò ní ìpín náà ni òun fi ń bọ́ Màámi. Ẹ̀gbọ́n yóò ní owó oúnjẹ Màámi lọ́tọ̀ ni òun fi ránṣẹ́. Ìyá yóò bẹ àwọn méjèèjì kí wọ́n má jẹ́ kí ayé gbọ́. Ní ọdún kejì ẹ̀rọ yóò kọṣẹ́, kò sì ní í sí kọ́bọ̀ nílẹ̀ láti tún un ṣe, nítorí pé ìpín tí ó yẹ kí ó máa tún un ṣe ni a ti jẹ.

Àwọn àgbà kan kò fẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé láàárín ọmọ ìyá. Wọ́n ní ìwé ni ó ń sọ ọmọ ìyá di oníbàárà. Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò gbè wọ́n. Baba ọlọ́kọ̀ ayé àtijọ́ kò mọ̀wé, síbẹ̀ ó máa ń so okùn ní kókó, ó ń fa ìlà sára ògiri, ó sì mọ iye ìpín tí ẹ̀rọ tàbí àwọ̀n kọ̀ọ̀kan ti gbà. Ìṣirò kò fi ìgbà kan jẹ́ ọ̀tá ẹbí létí òkun. Ohun tí ó tuntun ni àìṣírò.

Ohun mìíràn tún wà tí ó ń dá kún ìnira náà. Ìṣirò Báǹkì Àgbáyé fi hàn pé owó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó wà lókè òkun fi ránṣẹ́ sílé ní 2023 tó nǹkan bí bílíọ̀nù 19.5 dọ́là. Nínú gbogbo ayé, ilẹ̀ Áfíríkà ti ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó wọ́n jù láti fi owó ránṣẹ́ sí: ẹni tí ó bá fi 200 dọ́là ránṣẹ́ lè fi nǹkan bí 16 dọ́là nínú rẹ̀ san owó ìfiránṣẹ́. Ní ọdún 2023 kan náà, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù ní òpin oṣù karùn-ún. Lítà kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ di ₦617 ní oṣù keje. Ní oṣù kẹfà, náírà náà bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó wà ní Èkó rí i lára ọkọ̀ èrò. Ẹni tí ó wà létí òkun rí i lára ohun gbogbo, nítorí pé bẹntiróòlù ni ẹ̀rọ ọkọ̀ ń mu, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ Jàpáànù ni ó ti wá, okùn ọ̀rá tí a fi ń hun àwọ̀n náà ti òkè òkun ni. Lóòótọ́ pọ́n-ùn tí ọmọ náà ń fi ránṣẹ́ ti di náírà púpọ̀. Ṣùgbọ́n náírà púpọ̀ náà kò gbé ọkọ̀ dé ibi tí ó ń gbé e dé tẹ́lẹ̀. Ọmọ rò pé òun ti ṣe ìlọ́po méjì; ilé rí i pé ohun tí ó dé ti dín kù. Àwọn méjèèjì ń sọ òótọ́, ìbínú sì ń wọ àárín wọn.

Ìlú Tí Gbogbo Ènìyàn Ti Ń Jẹ Nínú Ìkòkò Kan

Nínú gbogbo ìlú etí òkun Ìlàjẹ, ọ̀kan wà tí ó ti gbìyànjú láti mú ìpín kúrò pátápátá. Ní oṣù kìn-ín-ní 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́, tí wọ́n ti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù jáde nígbà tí inúnibíni pọ̀ sí wọn, tẹ Ayétòrò dó sórí ẹrẹ̀ láàárín òkun àti ọ̀sà. Wọ́n fi ohun gbogbo ṣe ọ̀kan. Ẹni tí ó pa ẹja kò ni ẹja, ẹni tí ó rán aṣọ kò ni aṣọ, kò sí ẹni tí ń gba owó oṣù. Ìlú ni ó ni iṣẹ́, ìlú ni ó sì ń bọ́ ènìyàn, tí ó ń wọ̀ wọ́n láṣọ, tí ó ń kọ́lé fún wọn. Wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n ṣe bàtà, wọ́n yan búrẹ́dì, wọ́n sì ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Àwọn onímọ̀ wá láti òkè òkun wá wò wọ́n, wọ́n sì kọ ìwé nípa wọn.

Ètò náà kò pẹ́ títí bí wọ́n ti rò. Kí ọdún 1970 tó dé ni ó ti ń tú, tí àwọn ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ fún ara wọn. Ibi tí ó kan ọ̀rọ̀ ọmọ ìdálẹ̀ ni èyí: níbi tí ohun gbogbo bá ti jẹ́ ti ìlú, ọmọ tí ó lọ kò ní ohun tí ó lè fi ránṣẹ́ tí yóò jẹ́ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé òun ni ó ń bọ́ òun. Lẹ́yìn tí ètò tú ni ọmọ Ayétòrò di bí ọmọ ìlú yòókù, tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tí ń pín owó oṣù rẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Àwọn àgbà ibẹ̀ tí ó rántí ayé ìkòkò kan kò gbọdọ̀ dá lẹ́bi bí wọ́n bá ń fojú kékeré wo owó tí ó ń ti Èkó wá. Wọ́n ti rí ìlú tí kò nílò rẹ̀ rí.

Ìlú tí wọ́n kọ́ yẹn ni òkun ń jẹ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Láti bí ogún ọdún ó lé ni omi ti ń gba ilé, ilé-ìwé àti ibi iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, òpópónà tí ó wà láàárín ìlú tẹ́lẹ̀ sì ti wà nísàlẹ̀ òkun. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ ìdènà omi jáde fún agbaṣẹ́ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìgbì kò bá ògiri kankan pàdé. Àwòyè àti Mólútẹ̀hìn tí ó wà lápá ìlà-oòrùn rẹ̀ ti bá irú rẹ̀ pàdé ṣáájú. Níbẹ̀, odò tí àwọn tí ń wa epo là sínú òkun ti jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ inú igbó, tí ó pa igi àti ẹja omi dídùn, tí ilẹ̀ sì ń wó tẹ̀ lé e.

Ilé Méjì Tí Kò Dúró

Àṣà Yorùbá ni pé kí ọmọ ìdálẹ̀ gba yàrá ní ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, kí ó sì kọ́lé sílé. Ilé náà ni ẹ̀rí pé ó lọ, ó sì ń bọ̀. Ibẹ̀ ni yóò fi àgbà sí, ibẹ̀ ni a óò sin ín sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ etí òkun ni ó ti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ó fi bíríkì kọ́ ọ nítorí pé pákó kò ní iyì mọ́. Ohun ìbànújẹ́ ibẹ̀ ni pé ilé pákó orí òpó, tí a rò pé ó jẹ́ ilé òtòṣì, ṣeé tú, ó ṣeé kó sọ́kọ̀, ó sì ṣeé tún kọ́ sí ẹ̀yìn. Ilé bíríkì kò ṣeé gbé. Ibi tí ó bá wà ni òkun yóò bá a.

Bí ọmọ náà bá yíjú sí Èkó, omi àti ìjọba ń dúró dè é níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù keje 2012 ni wọ́n wó ilé púpọ̀ ní Mákòkò lẹ́yìn ìkìlọ̀ wákàtí 72. Láàárín ìparí 2016 àti oṣù kẹrin 2017 ni wọ́n lé àwọn ará Òtódò Gbàmẹ̀ kúrò létí ọ̀sà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ní 2025 katapílà dé Òwòrònṣòkí, tí kò ju ìtòsí Ifákọ̀ lọ. Ní Èkó kan náà, níwájú Victoria Island, ètò wà fún ògiri òkúta tí gígùn rẹ̀ ju kìlómítà mẹ́jọ lọ láti dáàbò bo ilẹ̀ tuntun tí a ń ta fún olówó. Nítorí náà kì í ṣe pé Nàìjíríà kò mọ bí a ti ń dá òkun dúró.

Gánà náà mọ̀ ọ́n. Òkun ti ń jẹ Keta, ìlú àwọn ará Anlo tí à ń sọ lẹ́ẹ̀kan, láti ọ̀rúndún tí ó kọjá tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ fi di àwókù, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì fọ́n ká. Ìjọba kó òkúta dà sí i, wọ́n fi iyanrìn dí ilẹ̀ padà, iṣẹ́ náà sì parí ní 2004. Etíkun náà kò bọ́ lọ́wọ́ ewu pátápátá, nítorí pé abúlé mìíràn nítòsí ṣì ń rí ìyọnu òkun. Ṣùgbọ́n ọmọ Keta tí ó bá ń fi owó ránṣẹ́ sílé lónìí ní ilẹ̀ tí owó náà yóò bà sí.

Ohun tí ó kù fún ọmọ Ìlàjẹ kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ kíkó fi wọ ìwé akọ̀wé ẹgbẹ́. Àwọn kan ní kí owó ìlú dáwọ́ dúró lórí ilé àdáni, kí a kó gbogbo rẹ̀ jọ fún ilẹ̀ ní òkè, ní ìhà Ìgbókòdá, kí ìlú lè ṣí lọ síbẹ̀ pọ̀. Àwọn àgbà ilé dáhùn pé apẹja tí ó sùn jìnnà sí omi ti di àgbẹ̀ tí kò ní oko. Ẹni tí ó bá jẹ́ olóòótọ́ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ méjèèjì wúwo. Síbẹ̀ ìmọ̀ràn àwọn àkọ́kọ́ ni ó dára jù. Ẹbí kọ̀ọ̀kan ti ń ṣí lọ fúnra rẹ̀, ọ̀kan sí Ìgbókòdá, ọ̀kan sí Èkó, bí ó bá sì ń lọ bẹ́ẹ̀, ìlú yóò tán kí òkun tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ tí a bá fi owó ìlú rà ní orúkọ ìlú ni yóò jẹ́ kí wọ́n ṣì jẹ́ ará ìlú kan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọkàn nìkan. Ọmọ tí a bí ní Ifákọ̀, tí ó lọ sí ilé-ìwé ní Gbàgádà, tí kò tíì di àjẹ̀ mú rí, yóò dé ọjọ́ kan tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tàbí iṣẹ́ ìjọba yóò béèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èkó kò ní í kọ ọ́ fún un. Ìjọba ìbílẹ̀ bàbá rẹ̀ ni, ní Ìgbókòdá. Wọn yóò bi í ní orúkọ ìlú rẹ̀ àti orúkọ agboolé rẹ̀, wọn yóò sì ní kí ó mú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wá láti ilé. Bí abúlé náà bá ti wọ inú omi, tí àwọn ará ibẹ̀ ti fọ́n, bàbá ọmọ náà ni yóò gbé fóònù, tí yóò máa pe láti Òwòrònṣòkí dé Ìlú Ọba, tí yóò máa wádìí ibi tí baálẹ̀ ń gbé báyìí.